Kí Ni Áàpù Bọ́ọ̀lù Fẹ́ Fi Fọ́tò Oníbàárà Mi Ṣe?

Ọ̀sán Sátidé ni. Iná wà, áyọ́ọ̀nù ti gbóná, pínnì mẹ́ta wà láàárín ètè mi, mo sì ń ṣẹ́ etí gáùn kan. Fóònù mi wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù. Bí gbogbo aránṣọ ṣe máa ń wà lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn: ọwọ́ kan níbi aṣọ, ọwọ́ kan níbi fóònù, ẹnu ń purọ́ fún oníbàárà.

Ẹ má bínú sí mi, òótọ́ ni mò ń sọ. Tí oníbàárà bá béèrè nípa aṣọ rẹ̀, aránṣọ kì í sọ pé rárá. Ṣé ẹ ti gé e? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ṣe tán lọ́la? Bẹ́ẹ̀ ni. Aṣọ náà sì lè ṣì wà nínú àpò níbi tí ẹni náà gbé e sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, ó sì ti mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ọwọ́ yẹn ló kó bá mi.

Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mo sọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń fi pamọ́. Kí n tó ní áàpù kankan, àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe káfíńtà ní ìsọ̀ kejì ló máa ń pariwo iye góòlù fún mi láti ibi tó ti ń fá pákó. Adúmáadán ni mo ń pè é, orúkọ tí mo sọ ọ́ nígbà tí mo di ìyàwó ilé wọn. Lójú rẹ̀ ni mo ti ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ la wà yìí. Tí ẹgbẹ́ mi bá gbá góòlù wọlé, Adúmáadán á pariwo pé ẹgbẹ́ kejì ló gbá a wọlé. Inú mi á bàjẹ́, màá gún ara mi lábẹ́rẹ́, òun á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo pinnu pé èmi náà á ní áàpù tèmi tí kò ní máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Òun náà ló fi líǹkì ránṣẹ́. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ti ń lò ó, pé kì í ṣe iye góòlù nìkan ló ń sọ, eré gan-an ló ń fi hàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo tẹ líǹkì náà, áàpù sì wọlé.

Bó ṣe wọlé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Ṣé òun lè rí àwọn nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi? Ṣé òun lè rí fọ́tò mi? Ṣé òun lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi, kí òun sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́? Ṣé òun lè mọ ibi tí mo wà? Eré ti bẹ̀rẹ̀, pínnì wà lẹ́nu mi, mi ò kà á. Mo ṣe fún un bí mo ṣe ń ṣe fún oníbàárà tó ń yọ mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lórí fóònù yẹn fún yín. Tí oníbàárà bá wá wọ aṣọ wò, mo máa ń ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú aṣọ tí mi ò tíì rán tán, kí n lè rí ibi tó fún un àti ibi tó tú. Apá aṣọ míì ò tíì sí níbẹ̀. Síìpù míì ò tíì sí lẹ́yìn. Àwọn ìyá ilé, àwọn ọmọge, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ara wọn ò tíì bọ̀ sípò, gbogbo wọn gbà kí n ya àwọn torí pé wọ́n fọkàn tán mi. Ohun tí mo ní láyé mi nìyẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnikẹ́ni lè ní in.

Ní ọjọ́ Àìkú, dátà mi tán kí n tó jẹun àárọ̀. Bátìrì tó máa ń gbé mi dalẹ́ kú lọ́sàn-án. Eré tí wọ́n ní áàpù náà ń fi hàn, ìpolówó tẹ́tẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mo bínú, ṣùgbọ́n mi ò fura.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé. Wọ́n ti ń gbé aṣọ wá fún mi láti ọdún tí mo ti ṣí ìsọ̀, wọn kì í sì í pariwo. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní kí n gbé aṣọ àwọn tí mi ò tíì gé fún àwọn. Mo rò pé torí pé mo pẹ́ ni, mo ti ń sọ pé ó ti fẹ́ ṣe tán, ni wọ́n bá na fóònù wọn sí mi.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà mi sì ló wà lórí rẹ̀. "Èmi ni o. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti sọ mí di olówó. Tẹ ibí kí ìwọ náà wá jẹ níbẹ̀." Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà mẹ́fà láti ìrọ̀lẹ́ àná.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́," ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí. "O ò lè pè mí ní ìwọ. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ẹni tó wọnú fóònù rẹ tó fi rí nọ́ńbà mi, ṣé kò rí fọ́tò mi?"

Mo gbé aṣọ náà fún wọn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Adúmáadán ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó lórí, ó sì fún mi nímọ̀ràn tí mi ò béèrè.

"Ìyàwó wa, sọ fún wọn pé wọ́n jí fóònù rẹ ni. Gba nọ́ńbà tuntun. Kó o sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwa ọkùnrin, ṣé o ti rí ibi tó gbé ẹ dé."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn lé ìtìjú kúrò lára mi, ìbínú sì gba ipò rẹ̀.

"Mi ò ní purọ́, Adúmáadán. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mi ò sì ní fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún yín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún olè, èmi náà ni màá lé e jáde."

Mo ti ìsọ̀ mi, mo sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Ojú Mẹ́rin. Ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe ni. Awò tó fi ń wo wáyà tín-ín-tìn-ín ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pa dátà, ó yọ áàpù náà kúrò, ó yẹ inú fóònù wò bóyá olè náà fi ọmọ sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì ní kí n yí gbogbo páásíwọọ̀dù mi padà. Mo wá bi í nípa fọ́tò.

"Àǹtí, mi ò ní tàn yín. Ẹ gbà fún un pé kó wò ó. Bóyá ó kó o, bóyá kò kó o, mi ò lè mọ̀."

Mo fẹ́ kó sọ pé rárá, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Kò sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bi mí ní ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ọjọ́ Sátidé: kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ kí áàpù bọ́ọ̀lù máa ṣe fún mi? Mo ní kó máa sọ góòlù fún mi bó bá ṣe ń wọlé, kó jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ mi máa gbá bọ́ọ̀lù, kó má sì jẹ dátà mi tán.

"Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nílò fọ́tò àwọn oníbàárà yín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Èmi aránṣọ ni wọ́n ń bi. Tí ẹnì kan bá ní kí n rán síkẹ́ẹ̀tì, ìdí rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ ni màá wọ̀n. Tí mo bá ní kó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wá kí síkẹ́ẹ̀tì náà lè dára, ṣé kò ní gbé aṣọ rẹ̀ sá lọ? Kọ́kọ́rọ́ ni áàpù yẹn béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

A ò dìde níbẹ̀ títí a fi yan òmíràn. Inú ọjà áàpù tó bá fóònù wá la ti wá a, kì í ṣe inú líǹkì ẹnikẹ́ni. A mú mẹ́ta. Ojú Mẹ́rin ní kí n kọ́kọ́ wo ẹni tó ṣe é, bóyá ó ní orúkọ àti àdírẹ́sì tí mo lè kàn sí bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ọ̀kan ò ní nǹkan kan, a jù ú nù. Ó ní kí n ka ohun tí àwọn tó ti lò ó sọ, kí n sì bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń bínú, torí pé ẹni tó ń yìn ín lè jẹ́ ọmọ ilé rẹ̀. Ó ku méjì. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, eré kan ń lọ lórí rédíò rẹ̀, a gbé fóònù tì í. Góòlù wọlé. Áàpù kan sọ fún wa kí ẹni orí rédíò tó mí. Èkejì dákẹ́ títí wọ́n fi yọ̀ tán tí wọ́n padà sí àárín pápá.

Èyí tó yára yẹn bi mí ní ìbéèrè méjì péré. Ṣé kó máa dún sí mi létí tí góòlù bá wọlé? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kó mọ ibi tí mo wà? Ìka mi ti ń lọ. Ojú Mẹ́rin ò dá mi dúró, ó kàn ń wò mí. Mo fa ìka padà, mo tẹ rárá. Áàpù náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. A tún wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìpolówó tẹ́tẹ́, mo pa á.

Ó ku èyí tó le jù. Mo pe gbogbo oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì gbáko. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo gba áàpù láyè, pé mi ò mọ̀ bóyá ó kó fọ́tò wọn, kí wọ́n má sì tẹ líǹkì kankan tó bá fi nọ́ńbà mi wá. Àwọn kan bú mi. Mo gbọ́ ọ tán kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn méjì wá gbé aṣọ wọn. Adúmáadán ní mò ń fi ẹnu ara mi ba iṣẹ́ ara mi jẹ́. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì pe nọ́ńbà tó kàn. Lọ́jọ́bọ̀, òun náà sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Ojú Mẹ́rin, ó fi fóònù pamọ́ sábẹ́ pákó bí ẹni tó jí i. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti gba ìkésíni tẹ́tẹ́ nígbà mẹ́sàn-án lórúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Màmá Nọ́ọ̀sì padà wá, pẹ̀lú àpò aṣọ tí wọ́n gbé lọ. Wọ́n ní àwọn ti wọ ìsọ̀ aránṣọ méjì míì, àwọn méjèèjì fẹ́ ya fọ́tò àwọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ń rí i. Wọ́n ní èmi nìkan ló pe àwọn láti sọ ohun tí kò dára nípa ara mi. Mo ṣí fóònù, mo pa fọ́tò wọn rẹ́ lójú wọn. Wọ́n wá jókòó, wọ́n béèrè bóyá gáùn tí wọ́n fẹ́ kí n fi aṣọ náà rán lè ṣe tán lọ́jọ́ Àìkú.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Ọjọ́rú ló máa ṣe tán."

Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu aránṣọ rí, wọ́n sì dìde kí n wọ̀n wọ́n.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn mi, ẹ fẹ́ràn eré ìdárayá yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dójú tì yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé áàpù sórí fóònù, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Ẹ má gbà á látinú líǹkì torí pé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ló fi ránṣẹ́. Àwọn náà lè má mọ̀. Ẹ wo ẹni tó ṣe é. Ẹ dán an wò bóyá ó yára, kí ẹ sì ṣọ́ dátà àti bátìrì yín lọ́jọ́ kìíní. Tó bá ń fi tẹ́tẹ́ lọ̀ yín ju eré lọ, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá ti kó sí i tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ yín kí àjèjì tó sọ fún wọn.

Bó bá sì béèrè ohun tí kò kàn án, ẹ tẹ rárá. Góòlù á ṣì wọlé.