Ẹṣin Tí Wọ́n Kùn Lóorun

Ọmọ́níyì, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin Olóyè Akínyẹlé, kú sórí koríko gbígbẹ nínú ilé ẹṣin ní Òkè-Ìlá, láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1978. Ẹṣin ló ta á nípàá láyà. Ẹṣin ọ̀hún ṣì wà lórí ìdúró, ó dorí kodò, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Bámgbóyè wò ó títí.

"Dókítà, ẹṣin tó ń tòògbé báyìí ló pààyàn?"

Ojú Dókítà Adérẹ̀mí, oníṣègùn ẹran, ti pọ́n. "Ọgbẹ́ itan rẹ̀ la fẹ́ rán. Oògùn méjì ni mo pò pọ̀ fún un. Ọ̀kan ń kùn ún lóorun lórí ìdúró. Èkejì, mọfíìnì, ń pa ìrora. Tí ò bá sí mọfíìnì, ẹ ó rò pé ó ti sùn, ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ bá gún un, á tapá lójijì."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ oògùn?"

"Èmi àti Àtinúkẹ́, olùrànlọ́wọ́ mi."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọjú sí Olóyè. "Wọ́n ní ẹ̀yin àti olóògbé jà lánàá."

"Mo bínú pé ó jẹ́ kí wáyà ya ẹṣin mi nítan. Ṣùgbọ́n iwájú ni mo wà, mo di okùn mú. Dókítà fara ti itan rẹ̀, Ọmọ́níyì di ìrù mú. Àtinúkẹ́ gbé àwo abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Ṣé ibẹ̀ ló máa ń dúró?"

"Rárá o," Dókítà dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni."

Bámgbóyè gba ìgò mọfíìnì. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti lu bí ajọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti lò ó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àárọ̀ yìí." Dókítà kán díẹ̀ sórí ahọ́n, ó lanu sílẹ̀. "Mọfíìnì máa ń korò bí ewúro. Omi lásán lèyí!"

"Ẹni tó bá mọ̀ pé omi ni kò ní fara ti ẹṣin bíi tiyín." Bámgbóyè yíjú. "Àtinúkẹ́, ìwọ lo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó o fi sá sẹ́nu ilẹ̀kùn."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

"Ìyá mi ni, sà. Jẹjẹrẹ ti jẹ ọmú rẹ̀ tán. Ọsibítù ní ká máa gbé e lọ sílé. Ó ń ké tọ̀sán-tòru. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fa oògùn náà, tí mo ń fi omi rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé oògùn oorun nìkan á tó ẹṣin."

"Nígbà tí Ọmọ́níyì lọ sẹ́yìn ẹṣin ńkọ́?"

"Ó wá sí mi lẹ́nu kí n pariwo. Mo wá ní, tí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò fún ìyá mi lábẹ́rẹ́?" Ó bojú. "Mo dákẹ́, sà."

Bámgbóyè mú Àtinúkẹ́ dé yàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti rí ìyókù mọfíìnì. Ẹ̀rí ni, ó fi í sápò.

Ìyá arúgbó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kò lè gbórí sókè. "Àtinúkẹ́, ṣé o ti dé ulé? Abẹ́rẹ́ mi dà?"

Bámgbóyè fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ó yọwọ́ padà. Ó di Àtinúkẹ́ lápá mú, wọ́n jáde, igbe ìyá náà sì bá wọn dé ìdí ọkọ̀.