Orúkọ Toheebat Lórí Rédíò

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni Adégbóyè kọ́kọ́ wọ ilé Bàbá Bàrúwà ní Ẹ̀gùá. Ìlaro ló ti ń wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu wọn, bíi Toheebat, àbíkẹ́yìn ilé náà. Bó bá pe ọmọ náà, tí ọmọ náà bá wojú rẹ̀, kíá ni yóò fún un ní ẹ̀pà.

Mọ́nsúrátù, ẹ̀gbọ́n Toheebat, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tísà, ṣé adìẹ lẹ ń sìn ni?"

"Ẹ̀pà ni ti Toheebat. Ẹ̀rín ẹ ni tèmi."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Nígbà tó yá, Toheebat bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ìpè. Bàbá Bàrúwà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ṣófo látìgbà tí ọjà kò ti wọlé mọ́, rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ará ìta mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nílé òun.

Adégbóyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rọ àwọn aṣòfin l'Abẹ́òkúta láti ṣe òfin tí yóò mú àwọn olùkọ́ bíi tirẹ̀ wọ ilé-ìwé ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi pè é sórí rédíò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dárúkọ Toheebat, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Ó gbàgbé pé gbogbo Ẹ̀gùá ló tẹ́tí sí rédíò nígbà yẹn, tí wọ́n ń retí kí wọ́n ní bọ́dà ti ṣí. Ẹyin lohùn; ó ti balẹ̀.

"Ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ nílé mi mọ́?" Bàbá Bàrúwà figbe ta nígbà tí Adégbóyè dé. "Padà sórí rédíò yẹn. Sọ pé kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí n fún ẹ ní Mọ́nsúrátù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò gbọdọ̀ dé ibí mọ́."

Mọ́nsúrátù sìn ín dé ìta. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o, olólùfẹ́ mi. Ẹ jẹ́ ká máa bẹ Bàbá."

"Mi ò lè pàdánù ẹ," ó dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Ó padà lọ, ó ní àsọdùn lòun sọ, kò sí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Toheebat. Àwọn aṣòfin gbọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún òfin, kí wọ́n máa gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ń dúró de òun.

Lóòótọ́, Bàbá Bàrúwà fi ọ̀yàyà gbà á, ó ní kó lọ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Ìgbà náà ni Mọ́nsúrátù àti Toheebat jáde, ojú Mọ́nsúrátù ti wú fún ẹkún.

"Bàbá, mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Torí ẹ ni mo ṣe ṣe é, àyànfẹ́ mi!" ni Adégbóyè wí.

"Mo mọ̀. Bí mo bá wá bí irú Toheebat fún yín lọ́la ńkọ́, ta lẹ máa torí ẹ̀ sẹ́ òun náà?"

Adégbóyè nawọ́ láti fà á mọ́ra, ó sún sẹ́yìn.

"Mo ṣì fẹ́ràn yín, Tísà," ni Mọ́nsúrátù wí. "Ẹ máa lọ."

Ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.