Agolo Èènì

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún 1963, nígbà tó ku díẹ̀ kí Nàìjíríà yọ orúkọ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ètò ìjọba rẹ̀, àwọn ìyá Ajégúnlẹ̀ gbé ọmọ wọn lọ sí pápá ilé-ìwé kan, kí a lè mọ ọmọ tó sanra jù.

Ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta mílíìkì oníyẹ̀fun, tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wà ní Creek Road, Àpápá, ló gbé ìdíje náà kalẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun fún àwọn ọmọbìnrin tí ń bá a tajà, ó dé wọn ní fìlà nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbẹ̀bí rí. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú agolo mílíìkì náà lọ́wọ́.

Oyèníran, kánsílọ̀ tí àdúgbò dìbò yàn, ni alága ọjọ́ náà. Agbádá sáńyán ló wọ̀. Kò sí ẹni tó lè búra pé ilé-iṣẹ́ náà ló ra ọkọ̀ funfun tó gbé e wá. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni pé awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń wà á.

Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ti ya owó sọ́tọ̀ láti fa omi ẹ̀rọ dé ilé ìgbẹ̀bí. Oyèníran fẹ́ kí wọ́n dìbò ní ọjọ́ Ajé láti fi owó náà ra mílíìkì dípò rẹ̀. Ràbíátù, olórí agbẹ̀bí, mọ̀ pé omi kànga ni wọn yóò fi po mílíìkì yẹn. Ìgbẹ́ gbuuru ti pa ọmọ púpọ̀ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú kánsílọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, ọ̀gá. Ọwọ́ mi yìí náà ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí omi yẹn wá."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Ṣé omi ló ń mú ọmọ sanra báyìí?"

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Ràbíátù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ tán, Tonye ló gbégbá orókè, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ti rì sínú ẹran ara. Ìyá rẹ̀, Ebiere, jẹ́ obìnrin Ìjọ́ tí ń ta gààrí. Oyèníran na gbohùngbohùn sí i.

"Ìyá Tonye, ẹ sọ fún ayé: kí lẹ fi ń bọ́ ọmọ yìí?"

"Ọmú."

"Lẹ́yìn ọmú ńkọ́?"

"Ọmú ọ̀tún ni. Tó bá tán, ti òsì."

Ẹ̀rín ta kárí pápá. Oyèníran nawọ́ sí agolo ọwọ́ rẹ̀. "Èyí wá ńkọ́?"

"Èènì gààrí ni mo fi ń bù fún oníbàárà. Ẹ ní ká mú agolo wá, mo mú agolo wá. Pikin mi ò tọ́ mílíìkì yín wò rí."

Ebiere dojú agolo náà dé kí kánsílọ̀ lè rí i dájú. Gààrí tó kù nídìí rẹ̀ dà sórí sáńyán. Obìnrin kan lẹ́yìn gbé tirẹ̀ sókè: iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ti òmíràn, èlùbọ́.

Ràbíátù gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ìyá, ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Mílíìkì lẹ fẹ́ ni, àbí omi?"

Wọ́n dá a lóhùn. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pọn ọmọ wá, wọ́n kún ọgbà ìgbìmọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń lu agolo. Nígbà tí wọ́n dìbò, ọwọ́ Oyèníran wà lára àwọn ọwọ́ tó lọ sókè fún omi.

Omi náà dé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun gbàjọba, tí wọ́n tú ìgbìmọ̀ ká. Ọkọ̀ funfun padà sí Creek Road. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1974, Oyèníran gbé korobá dúró sẹ́yìn àwọn tí ń pọnmi níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ebiere, tí ń fọ agolo rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, rí i.

"Bàbá Kánsílọ̀, ẹ káàárọ̀. Ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin náà dìbò fún un."

Ó pọnmi títí korobá fi kún. Ebiere wò ó, ó bu omi agolo kan lé ti inú korobá lórí.

"Èènì," ó wí.