Kéèkì Oníkọfí Tó Fì Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ nínú kíṣìnnì bàbá ọmọbìnrin náà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì yọjú wo abẹ́ ófùn.

“Ẹ ǹlẹ́ o,” ọmọbìnrin náà kí i. “Aránṣọ ni mí. Tẹ́ ẹ bá rí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, tèmi ni.”

Bàbá aránṣọ yìí, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún lóṣù mẹ́ta sí i. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kọfí. Tí kò bá tíì mu ún láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má kí i. Ọmọ rẹ̀ ti pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun yan kéèkì kéékèèké oníkọfí fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo wọn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà ọ̀mùtí. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún ófùn ṣe.

Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku lára. “Kò sí nǹkan kan tó ṣe ófùn yín. Ilẹ̀ yìí ló wọ́.”

“Ẹ rọra sọ ọ́ o. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é.”

“Ilẹ̀ ò mọ bàbá ẹnì kan.”

Ó fi pátákó pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ ófùn. Wọ́n yan méjìlá, gbogbo rẹ̀ sì tọ́. Ó jẹ mẹ́rin, ó ní iṣẹ́ òun lòun ń yẹ̀ wò.

Láti ọjọ́ náà, ófùn ò bàjẹ́ mọ́, àmọ́ ọkùnrin yìí ò yéé wá wò ó.

“Oníbọ̀sẹ̀ Méjì, kí ló tún ṣe ófùn lónìí?”

“Adúmáadán, ófùn ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni nǹkan ń ṣe.”

Ẹ̀rín pa aránṣọ. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò tiẹ̀ bá ara rẹ̀ jiyàn.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí ku ọ̀sẹ̀ méjì, Oníbọ̀sẹ̀ Méjì wọ ìbọ̀sẹ̀ tó bára mu, ó wá bá bàbá ní pálọ̀, ó ní òun fẹ́ fi ọmọ wọn ṣe aya.

Bàbá mu kọfí díẹ̀. “Ìwọ lo tún ófùn wa ṣe. Kí ló ṣe é?”

Ẹ wò ó, irọ́ kékeré kan ì bá ti parí ọ̀rọ̀.

“Ófùn ò ṣe nǹkan kan, sà. Ilẹ̀ ló wọ́.”

Bàbá gbé ife kalẹ̀. “Ilé méjìlélógójì ni mo kọ́. Ẹnì kan ò sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Ọjọ́ tí o bá kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ ni kí o padà wá.”

Aránṣọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. “Olólùfẹ́ mi, sọ fún wọn pé ilẹ̀ tọ́. Kí ló wà níbẹ̀?”

“Tí mo bá purọ́ fún bàbá rẹ kí n lè fẹ́ ọ, lọ́jọ́ mìíràn ìwọ ni màá purọ́ fún. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Inú bí aránṣọ, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó rí i pé ohun tóun tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó nu ojú. Òun ò ní fi ọkùnrin yìí sílẹ̀, òun ò sì ní fi bàbá òun sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí, ó po ìyẹ̀fun, bọ́tà, ẹyin àti ṣúgà. Ó yọ́ kọfí sínú mílíìkì gbígbóná títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ilé, ó sì dà á sí i. Ó yan mẹ́fà. Ó wá yọ pátákó kúrò lábẹ́ ófùn, ó yan mẹ́fà mìíràn. Ó gbé àwo méjèèjì síwájú bàbá.

“Bàbá, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Ọwọ́ kan ló po gbogbo wọn, kọfí kan náà ni. Àwọn mẹ́fà yìí, pátákó wà lábẹ́ ófùn. Àwọn mẹ́fà yìí, kò sí pátákó. Èmi ò sọ̀rọ̀ o, kéèkì ló ń sọ̀rọ̀.”

“O wá ń bá mi fa wàhálà lọ́jọ́ ìbí mi.”

“Ẹ má bínú, sà. Ọkùnrin yẹn ni màá fẹ́. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fà mí lé e lọ́wọ́.”

Bàbá mú ọ̀kan nínú àwọn tó fì, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Ó mú òmíràn.

“Pè é wá,” ló wí.

Kí ọkùnrin náà tó dé, bàbá ti gbé lẹ́bẹ́ẹ̀lì, irinṣẹ́ olómi tí bíríkìlà fi ń mọ ilẹ̀ tó tọ́, síwájú ófùn. Nígbà tó dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó.

“Ó wọ́,” bàbá wí. “Ọjọ́ tí mo ṣe é ni mo ti mọ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò tún un ṣe, sà?” Oníbọ̀sẹ̀ Méjì bi í.

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Mo ń tẹ́ sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ figbe ta nínú yàrá. Ó ṣì ku oṣù kan kó tó yẹ kó bí ọ. Mo ju iṣẹ́ sílẹ̀, mo gbé e, mo sáré lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí mo fi máa padà, ilẹ̀ ti le. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ni mo tọ́jú, mo jẹ́ kí ilẹ̀ wọ́. Ìyá rẹ ti re ọ̀run báyìí. Èmi àti ilẹ̀ yẹn nìkan ló kù tó mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan wá máa pè é ní àléébù.”

Aránṣọ ò gbọ́ èyí rí láyé rẹ̀. Omijé gba ojú rẹ̀.

“Ẹ forí jì mí, sà,” Oníbọ̀sẹ̀ Méjì wí.

“Kí lo ṣe? Ẹni tó lè sọ òótọ́ fún mi nínú ilé mi, kò ní purọ́ fún ọmọ mi.” Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé ọwọ́ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ó fa àwo kéèkì tó fì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa jẹ èyí tó tọ́. Tèmi nìyí.”