Ọ̀tá Tó Kí Wa Kú Iṣẹ́

"Dúró ná," ni Títíladé wí. Èèpo ẹ̀gúsí kún ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé ará Ìjẹ̀ṣà náà pa á ni, àbí kò pa á?"

Àbíkẹ́ kò kánjú. Ó mú ẹ̀gúsí kan, ó fi èékánná là á, ó da èèpo nù, ó ju ọmọ inú rẹ̀ sínú igbá. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ ló yí i ká lábẹ́ igi odán ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀ Ògúntúyì. Àwọn ọmọkùnrin kan náà fara ti ògiri, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń sinmi, ṣùgbọ́n etí wọn gùn ju ti ehoro lọ. Àlọ́ ni a kì í pa lọ́sàn-án. Ìtàn ogun kò mọ ọ̀sán.

"Kò pa á," ni Àbíkẹ́ wí nígbẹ̀yìn. "Ó kí i kú iṣẹ́. Ó ní, 'Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín rù ú.' Ó gbé ẹrù iṣu náà lé orí ara rẹ̀, ó sì sìn ín dé oríta tí ọ̀nà ibùdó Ìbàdàn ti yà."

Àwọn ọmọbìnrin náà tún dojú kọ ẹ̀gúsí wọn. Ìyẹn kò dùn mọ́ Àbíkẹ́ nínú.

Òrìṣàdìpẹ̀, olórí àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣe àáró láàárín ara wọn, tu itọ́ sílẹ̀. "Ìyẹn náà ni? Mo fi oko sílẹ̀ wá gbọ́ ìtàn ẹni tó ń báni ru iṣu? Àbíkẹ́, ìtàn rẹ ti ń ṣàn bí ẹ̀kọ olómi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Títíladé pàápàá rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ tí òun àti Àbíkẹ́ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àbíkẹ́ nígbà náà. Ọdún yẹn ni wọ́n ń la ojú irin kọjá lẹ́bàá Lálúpọn, abà wọn kò sì jìnnà síbẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí ìbọn ti dákẹ́ ní Kírìjì, níbi tí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀ṣà ti jà títí tó fi sú àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ abà kò rí ogun náà. Ẹnu Àbíkẹ́ ni wọ́n ti ń rí i. Kò ga, kò lówó lọ́wọ́, ẹwà rẹ̀ kò sì ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìtàn sísọ nìkan ló mú kí wọ́n máa fi àyè sílẹ̀ fún un níbi tí òjìji igi bá ti tutù jù. Èyí tó ń sọ lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà rẹ̀, Ìbídùnní, ló sọ ọ́ fún un. Ìyá náà wà lára àwọn obìnrin tó ń ru oúnjẹ lọ fún àwọn jagunjagun. Ó sọnù sínú igbó lọ́jọ́ kan, ebi sì mú un wọ oko ahoro kan, ibẹ̀ ni ará Ìjẹ̀ṣà náà ti bá a níbi tó ti ń wa iṣu. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àbíkẹ́ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ì bá ní, "Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹ gbà á tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ta á bí agbọ́n.

"Ṣé mo ti ní mo parí ni?" ló wí. "Ẹ̀yin rò pé ó sìn ín lásán? Amí ni. Bí amí Ìjẹ̀ṣà ti ń ṣe nìyẹn. Yóò kọjá létí oko, yóò kí yín kú iṣẹ́, ohùn rẹ̀ yóò dùn bí oyin. Níbi tí ẹ bá ti ń dá a lóhùn, ó ti ka orí yín. Ó tẹ̀lé ìyá náà kó lè mọ̀nà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, abà mẹ́ta ti di eérú."

"Hẹn-ẹn," ni Òrìṣàdìpẹ̀ wí, ó jókòó, ó pàtẹ́wọ́. "Ìtàn nìyí."

Bàbá Fákọ́ládé ń kọjá lọ. Jagunjagun ni bàbá náà nígbà tiẹ̀, ojú rẹ̀ kan kù sí Kírìjì. Ó dúró, ó mi orí. "Ọmọ yìí mọ ogun," ló wí. Orí Àbíkẹ́ wú.

Ìyá Ìbídùnní ló dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́.

"Ta ló jó abà nínú ìtàn mi?"

"Ìyá àgbà, ìtàn lásán ni."

"Ó kí mi kú iṣẹ́ torí pé ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu báyìí, ohùn òun yóò tú òun fó. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló wà. Síbẹ̀ kò lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ló ti wá. Ìwọ wá mú ibi tó dára jù lára rẹ̀, o sọ ọ́ di ọgbọ́n àrékérekè."

"Wọn kì bá tí gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Kí wọ́n má gbọ́ nígbà náà."

Àbíkẹ́ rò ó pé ogbó ló ń dààmú ìyá àgbà òun. Ó sùn dáadáa.

Ọjọ́ kẹrin ni ariwo sọ láti oko Bàbá Fákọ́ládé. Òrìṣàdìpẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá bàbá náà roko níbẹ̀. Nígbà tí Àbíkẹ́ fi máa dé iwájú ilé Baálẹ̀, wọ́n ti so ọkùnrin kan mọ́ igi ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ ń ti orí rẹ̀ kán sí èjìká. Ẹni ogún ọdún ni, tàbí kó lé díẹ̀. Eruku pupa tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ibi iṣẹ́ ojú irin ló ti wá.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́," ni Òrìṣàdìpẹ̀ wí. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Amí Ìjẹ̀ṣà ni. Ọwọ́ wa tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan kan."

"Ta ló lù?"

"Kò lu ẹnikẹ́ni, Baálẹ̀. Ó kí wa kú iṣẹ́ ni."

Baálẹ̀ Ògúntúyì wò ó. Ó wo ọkùnrin tí wọ́n so mọ́lẹ̀. "Ìwọ, kí ni orúkọ rẹ?"

"Múyì, Bàbá. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi là ń ru òkúta ojú irin. Iṣu ni wọ́n ní kí n wá rà. Mo rí àwọn wọ̀nyí nínú oko ńlá, mo ní, 'Ẹ kú uṣẹ́ o,' bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Oko náà mọ́ lójú mi ni mo ṣe bi wọ́n pé, àwọn mélòó ló ro gbogbo èyí. Ọkọ́ ni wọ́n fi dá mi lóhùn."

"Ẹ gbọ́ o," ni Òrìṣàdìpẹ̀ wí. "Ó ka orí wa. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Bàbá Fákọ́ládé ti fa ọ̀bẹ yọ nínú àkọ̀. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń sọ bí a ti ń kọ ebè. "Ní ibùdó, bí a bá mú amí, etí rẹ̀ kan là ń gé. À ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó rán an. Wọn kì í tún rán òmíràn."

Baálẹ̀ kò tíì dá a dúró, kò sì tíì gbà fún un. Abà kékeré ni abà rẹ̀, jagunjagun sì ni Fákọ́ládé. "Ta ló sọ fún yín," ni Baálẹ̀ bi àwọn ọmọkùnrin náà, "pé bí amí ti ń ṣe nìyẹn?"

Òrìṣàdìpẹ̀ gbójú kúrò. Títíladé wo Àbíkẹ́, ó sì yára wo ilẹ̀.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí Àbíkẹ́ bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá dárúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yóò di ẹ̀rí, òun yóò sì di ọmọ tó gba abà là. Etí ọkùnrin kan péré ni yóò bá a lọ. Àbíkẹ́ rò ó bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó tún wo etí náà. Èèrà kan ń rìn lára rẹ̀, wọ́n sì ti di ọwọ́ tí ọkùnrin náà ì bá fi gbọ̀n ọ́n dànù.

"Èmi ni," ló wí.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀. "Èmi ni mo sọ ọ́, irọ́ sì ni. Ará Ìjẹ̀ṣà inú ìtàn mi kò jó abà kankan. Ó bá ìyá àgbà mi ru iṣu, ó fi ọ̀nà ibùdó hàn án, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo yí i padà torí pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

"O purọ́?" ni Òrìṣàdìpẹ̀ wí.

"Mo purọ́, ìwọ náà pàtẹ́wọ́."

"Àbíkẹ́," ni Bàbá Fákọ́ládé wí, "ọ̀tá ni ọ̀tá ń jẹ́. Ojú mi kan wà lọ́wọ́ wọn."

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹni yìí ló gbé ojú yín lọ? Nígbà tí ẹ wà lójú ogun, ìyá rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n lẹ́yìn."

Àwọn kan ní kí wọ́n gbá a létí. Nígbà náà ni Ìyá Ìbídùnní la àárín èrò kọjá, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. "Èmi ni obìnrin tó wa iṣu náà," ló wí. "Bí kì í bá ṣe ará Ìjẹ̀ṣà yẹn, ìyá ọmọ yìí ì bá ti di ọmọ òrukàn, bóyá ni ọmọ yìí ì bá sì wà. Fákọ́ládé, ìwọ tí o pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, ṣé ìwọ kò rí ẹyọ ènìyàn kan láàárín wọn?"

Bàbá náà rẹ ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Odò kan ló wà láàárín àwa àti wọn. Ọkùnrin kan wà ní òdìkejì tiwọn, ohùn rẹ̀ ńlá. Láràárọ̀ ni yóò pè mí: 'Fákọ́ládé ẹlẹ́nu bí agbè, ṣé o ṣì wà láyé?' Èmi náà á ní, 'Mo wà, olórí bí ìkòkò, mo ń bọ̀ wá sin ọ́.' Ọdún méjì gbáko. N kò rí ojú rẹ̀ rí. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, n kò gbọ́ ọ. Mo pè é títí. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé inú ló ń run mí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tó kù ú kù. "A kì í sọ irú rẹ̀ nílé."

Ó rìn lọ sídìí igi ìyeyè. Ọ̀bẹ tó fẹ́ fi gé etí ló fi gé okùn.

Baálẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó ní kí Òrìṣàdìpẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ru òkúta Múyì títí orí rẹ̀ yóò fi jinná. Ó kọjú sí Àbíkẹ́. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwọ yóò bá wọn lọ. Ìwọ yóò jókòó láàárín àwọn Ìjẹ̀ṣà yẹn, ìwọ yóò sì sọ ìtàn náà fún wọn: bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti bí o ti bà á jẹ́."

Bí ó bá fi pàṣán nà án, ì bá sàn ju èyí lọ.

Ó lọ. Ọ̀sán gangan ni, wọ́n ń jẹun nídìí òkìtì òkúta, nǹkan bí ọgbọ̀n ọkùnrin. Òrìṣàdìpẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi orí ru òkúta láti àárọ̀, wọn kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Àbíkẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi irọ́ náà, ó sọ ọ́ kedere, kò fi oyin sí i. Lẹ́yìn náà ni olórí wọn, ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú, gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí mo bá ń sunkún ní kékeré," ló wí, "ìyá mi á ní, 'Dákẹ́, Ìbàdàn ń bọ̀.' Mo rò pé ẹranko kan ni, tó ní ìrù. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ènìyàn ni." Ó wo Òrìṣàdìpẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Ìrù tiẹ̀ dà?"

Múyì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, aṣọ tí wọ́n fi di orí rẹ̀ ń mì. Gbogbo wọn tẹ̀lé e. Òrìṣàdìpẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú wò wọ́n. Wọ́n bu iṣu fún Àbíkẹ́ àti àwọn ọmọkùnrin náà.

Àbíkẹ́ kò fi ìtàn ogun sílẹ̀. Ó tún sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ìbọn ń dún nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀tá kan nínú ìtàn rẹ̀ mọ́ tí kò ní ìyá nílé. Àwọn kan dìde lọ, wọ́n ní kò le tó. Ó jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ogun a máa tán lójú ogun, kì í tètè tán lẹ́nu. Ó rọrùn láti sọ ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ kò fẹ́ràn di ẹranko kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọkọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, orí aláìṣẹ̀ ni ọkọ́ náà yóò sì bà. Bí ẹnu rẹ bá sì ti ṣì í, má dákẹ́. Dìde níbi tí o ti purọ́, kí o sọ òtítọ́ níbẹ̀.