Ẹni Tó Ṣáájú Gun Òkè Colmillo

Bàbá Abelardo kì í mu ọtí, wọn kì í sì í sọ ohun tí ojú wọn kò rí. Àwọn ló ń ṣọ́ ibùdó síkì Colmillo, níbi tí wọ́n ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, láti ìgbà tí àwọn àlejò bá ti kó lọ títí òtútù ọdún mìíràn yóò fi dé. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wọn ojú ẹsẹ̀ inú yìnyín tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, n kò ní la ẹnu mi sọ ọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́, n kò sì ní bù mọ́ ọn.

Ní Pehuenco, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, ọmọ onílé kì í ṣe síkì nígbà tí ibùdó bá ṣí. Àwọn ará Santiago, olú ìlú Chile, ló ni ìgbà yẹn. Tiwa di oṣù kẹwàá, nígbà tí òtútù ń parí lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ti ti géètì, tí àwọn àga orí wáyà tó ń gbé àlejò gòkè ti dákẹ́, tí yìnyín sì ṣẹ́kù sórí òkè nìkan. Nígbà náà ni a óò gbé pátákó síkì lé èjìká, tí a óò fẹsẹ̀ gun òkè fún wákàtí mẹ́ta nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti ṣe é rí kò ní béèrè ìdí.

Maritza ló kọ́ àbúrò rẹ̀, Eliseo, ní síkì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Maritza nígbà náà, Eliseo jẹ́ mẹ́sàn-án. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè kan, Maritza jí i. Eliseo ní òtútù ń mú òun, ó fa kúbùsù borí. Maritza rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀lẹ. Máa bọ̀ lẹ́yìn mi nígbà tó bá wù ọ́."

Ó jáde, kò sì padà wálé. Odidi oṣù kan ni gbogbo abúlé fi wá a. Wọn kò rí síkì, wọn kò rí ìbọ̀wọ́. Nígbà tí oòrùn yọ́ yìnyín tán, òkúta lásán ni wọ́n bá.

Ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá. Eliseo di káfíńtà, ó gbéyàwó, ó bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Antonia. Ìyá wọn, Màmá Hortensia, kò dárúkọ Maritza mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Lọ́dọọdún, tí ibùdó bá ti palẹ̀ mọ́, Eliseo a dá gun òkè. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá.

Lọ́dún tó kọjá, ó dé géètì bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Bàbá Abelardo jókòó ti sítóòfù igi, wọ́n ń fa omi ewé mate gbígbóná. Wọ́n bu búrẹ́dì díndín fún un. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò jọ wá?"

"Èmi pẹ̀lú ta ni, Bàbá?"

Bàbá gbé ife kalẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ti kọjá ṣáájú, pẹ̀lú síkì lórí èjìká. Ajá méjèèjì wà níta, kò sí èyí tó gbó. "Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní ọmọ rẹ ni."

"Ọmọ mi wà nílé, Bàbá. Ó ń sùn."

Eliseo gbé síkì rẹ̀.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ níbi tí igbó parí sí. Kùrukùru ti bo òkè. Àwọn àga rọ̀ sórí wáyà, wọn ò mì. Ojú ẹsẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ nínú yìnyín, ó jinlẹ̀, ó mọ́, ó gba ọ̀gangan òkè lọ. Eliseo ń ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, bí gbogbo ẹni tó ń gun òkè ṣe máa ń ṣe kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ń kọsẹ̀. Bàtà àgbà ló tẹ ilẹ̀ yẹn, ẹni tó sì ru ẹrù ló wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì kúrú jù. Ó tún kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ rántí kí òun fúnra rẹ̀ tó rántí.

Bí Maritza ṣe máa ń rìn nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni. Nígbà tí Eliseo wà ní kékeré, Maritza a máa gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, kí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lè tó ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń dá lọ kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ọmọdé ń bọ̀ lẹ́yìn òun ló ń rìn bẹ́ẹ̀.

Eliseo jókòó sínú yìnyín fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde. Ó gé ìṣísẹ̀ tirẹ̀ náà kúrú, ó tẹ̀lé e dé òkè, kò fo ẹyọ kan.

Lẹ́bàá ọ̀pá irin tó kẹ́yìn tó gbé wáyà, ojú ẹsẹ̀ parí. Ilà síkì méjì, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, ló tibẹ̀ lọ. Wọn kò gba ibi tí gbogbo ayé ń gbà sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀yìn òkè, apá ibi àfonífojì tí ẹnikẹ́ni kì í lọ. Eliseo de síkì mọ́ ẹsẹ̀. Kò rí orí síkì rẹ̀ nínú kùrukùru.

Ó gbọ́ ìró síkì nísàlẹ̀. Ṣìì. Ó dákẹ́. Ṣìì. Ó tún dákẹ́. Bí ẹni tó ń lọ, tó sì ń dúró deni.

"Eliseo, ṣé o ń bọ̀?"

Ohùn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Eliseo ti pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Ìró yẹn ń lọ níwájú. Tí Eliseo bá yára, òun náà a yára. Tó bá dúró, a dúró. Eliseo béèrè pé níbo ni ẹ̀gbọ́n òun wà láti ọjọ́ yìí. Ó ní ìyá ṣì wà láàyè, pé wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ mímí ẹnì kan, ó ń sún mọ́ tòsí.

"Máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀," ni ohùn náà wí.

Eliseo sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀rù ló dá òun dúró. Ó ní kò sí ohun tó wu òun láyé bíi kóun máa lọ. Antonia ló rántí. Ọmọ náà ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jí òun kí àwọn jọ lọ, òun kò sì jí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bímọ."

Ohùn náà ní:

"Mo mọ̀."

Ó dúró títí pé kóun tún gbọ́ ṣìì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tú síkì, ó fẹsẹ̀ gun ibi tó ti wá, ó ń pè é bó ṣe ń lọ.

Nígbà tí oòrùn là ní ọ̀sán, òun àti Bàbá Abelardo padà síbẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wọn ojú ẹsẹ̀ náà. Ojú ẹsẹ̀ náà fi ìka mẹ́rin kúrú sí bàtà Eliseo. Wọ́n lọ sí ẹ̀yìn òkè. Ilà síkì ti Eliseo dúró níbi tó dúró sí. Ilà ẹni tó ṣáájú fi bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síwájú rẹ̀, òun náà sì dúró. Níbẹ̀, wọ́n ti tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ roboto, ó le gbagidi, bí ibi tí ènìyàn ti dúró pẹ́, tó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí òtútù. Láti ibẹ̀, kò sí ilà tó sọ̀kalẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ tó gòkè. Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n ní káwọn máa lọ.

Eliseo sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó ọ̀dùnkún. Màmá Hortensia kò sunkún. Wọ́n kàn béèrè bóyá ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó rẹ̀. Ó ní rárá. Wọ́n bó ọ̀dùnkún kan tán.

"Ó múra dáadáa? Ó wọ kóòtù?"



Láti ìgbà náà ni Màmá Hortensia ti ń rìn. Ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n kọ́kọ́ ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀, nígbà tó yá ó di afárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Abelardo tó ń kọjá lọ rí Màmá ní géètì. Oṣù kẹjọ la wà, ibùdó ṣí, ọkọ̀ àwọn ará Santiago ń kọjá lọ́tùn-ún lósì. Màmá di irin géètì mú, wọ́n ń wo òkè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yà sọ́dọ̀ oníbàtà, wọ́n ní kó kan ìṣó sí ìsàlẹ̀ bàtà àwọn, kó má baà yọ̀ lórí yìnyín.

A kò tíì rí ẹni tó lè bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń múra lọ. Oṣù kẹwàá sì ku oṣù méjì.