Ọkọ̀ Ojú Irin Kì í Ṣe Ti Gbogbo-ẹ̀-tèmi

Ariwo òròmọdìyẹ gba ibùdókọ̀ ojú irin kan láàárọ̀. Òwúrọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n jáde nínú ẹyin, wọ́n sì wà nínú páálí oníhò. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òròmọdìyẹ ló ni wọ́n. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó fẹ́ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò nílé ọkọ, ti jókòó sínú ọkọ̀ èrò tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ ẹrù. Ó ku kí wọ́n kó páálí wọlé, ṣùgbọ́n àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ọkọ̀ ẹrù.

Agbaṣẹ́ṣe tó háyà àyè níbẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló fi í síbẹ̀. Gbogbo-ẹ̀-tèmi ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà ò sì bí i nínú.

"Ẹ bá wa ṣí i, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá náà wí. "Rísíìtì wa rèé, iléeṣẹ́ la san án fún."

"Mo ti háyà ọkọ̀ yìí, ìyá. Iléeṣẹ́ ò lẹ́nu ńbẹ̀ mọ́. Mo ti fi apá ẹ̀yìn háyà fún ẹlòmíràn. Àmọ́ mo láàánú yín, ẹ wá àyè sáàárín kẹ́ẹ̀gì rẹ̀."

Ó ṣílẹ̀kùn. Òórùn tó jáde mú kí ìyá fà sẹ́yìn.

"Ìyá wọn, jẹ́ ká kó wọn wọlé," ni ọkọ rẹ̀ tó dúró tì í wí. "Bí wọ́n bá kú síbí ńkọ́?"

"Baba wọn, epo bẹntiróòlù nìyí. Oúnjẹ inú ẹyin ṣì wà níkùn wọn, wọ́n lè dúró dọ̀la. Ọmọ yín ló wà lẹ́yìn ògiri yìí."

Gbogbo-ẹ̀-tèmi rẹ́rìn-ín. "Ojoojúmọ́ la ń gbé e. Ṣé ẹ gbọ́ pé ó gbiná rí?"

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń bí wa nínú jù. Ṣé ìgbà tó bá gbiná ni ká tó gbọ́n?

Ìyá ò bá a jiyàn. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdókọ̀, ẹ̀rù ń bà á pé fèrè ọkọ̀ lè dún kó tó débẹ̀. Obìnrin ni ọ̀gá náà. Ìyá ò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi gbé fóònù, tó ní kí ọkọ̀ má gbéra. Àwọn méjèèjì jọ padà síbi ọkọ̀ ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí la háyà fún yín?" ni ọ̀gá náà bi agbaṣẹ́ṣe.

"Àyè ẹrù ni."

"Apá iwájú nìkan ni. Apá ẹ̀yìn ṣì jẹ́ ti ará ìlú tó bá sanwó fún wa. Ẹ ò láṣẹ láti fi í háyà fún ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì láṣẹ láti ti ọkọ̀ mọ́ wa. Epo bẹntiróòlù wáá ńkọ́? Òfin ò gbà á nítòsí èrò rárá."

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀ẹ̀kan yìí..."

"Ayálégbé lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe onílé. Ẹ kó o sọ̀kalẹ̀."

Nígbà tí wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì jáde, ọ̀kan ti ń jò. Epo ti ṣàn dé ìdí ògiri tó wà láàárín ọkọ̀ ẹrù àti àwọn èrò. Baba wọn wo ilẹ̀ tó rin, ó sì wo ọmọ rẹ̀ tó ń juwọ́ sí i lójú fèrèsé. Ìgbà tí wọ́n fọ epo náà kúrò tán ni wọ́n tó kó páálí òròmọdìyẹ wọlé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó háyà àyè nínú ọkọ̀ ojú irin ò ra ọkọ̀. Ó níbi tí àdéhùn rẹ̀ mọ. Bó bá lé yín kúrò níbi tí ẹ sanwó fún, tàbí tó ń fi àyè háyà fún ẹlòmíràn, tàbí tí ẹ gbóòórùn epo lára ẹrù rẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá ibùdókọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má sì wò ó pé ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. Ọkọ̀ míì ń bọ̀ lọ́la, ẹni tó bá jóná ò ní í bá a lọ.